Ọkọ mi ti bọ́ṣọ ológun, àtẹ̀gùn ilé kò ṣeé gùn mọ́: ṣé onílé lè dá wa dúró?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n lọ́yà. Ìpínlẹ̀ Maryland ni à ń gbé. Iṣẹ́ ológun ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ọkọ mi ń ṣe kí ọkọ̀ tó dojú dé pẹ̀lú wọn níbi ìdánrawò, ó ti pé oṣù 10 báyìí. Wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì wọn nísàlẹ̀ orúnkún, ẹ̀yìn wọn náà kò sì tíì gbádùn. Oṣù 3 sẹ́yìn ni ìwé ìfẹ̀yìntì nítorí àìlera dé. Àjà kẹta ni ilé wa wà, kò sí lífítì. Oṣù kan péré ṣáájú jàǹbá yẹn la fọwọ́ sí ìwé àdéhùn oṣù 18, oṣù 7 ló sì kù níbẹ̀. Mo lọ bá ọ̀gá ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé náà, ó ní bí a bá fẹ́ lọ, a ó san owó ilé oṣù 2, a ó sì gbàgbé owó dìpọ́síìtì wa. Mo ní ṣebí òfin kan wà fún àwọn ológun. Ó ní ti àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ni, ọkọ mi kì í ṣe ológun mọ́. Ṣé òótọ́ ló sọ? Àbí kò sí òfin kankan fún ẹni tó fara gbọgbẹ́ nídìí iṣẹ́ ìjọba ni?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ sì kú ìrọ́jú. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ dìde kí ẹ lọ wo kàlẹ́ńdà ara ògiri yín. Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà dojú dé, ẹ fi bírò pupa yí i po, kí ẹ wá ka ọdún kan gééré láti ọjọ́ náà. Oṣù 10 ti lọ, oṣù 2 ló kù. Bí oṣù 2 yẹn bá kọjá, ilẹ̀kùn kan tó ṣí sílẹ̀ fún yín lónìí yóò tì. Ìdí tí mo fi fi lẹ́tà yín ṣáájú àwọn yòókù nìyẹn.

Mo ti lé ní 60 ọdún, nítorí náà ẹ má bínú bí mo bá ń pe ọkọ yín ní àbúrò wa.

Ọ̀gá ọ́fíìsì yẹn kò parọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. Òfin tí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ ni Servicemembers Civil Relief Act, SCRA ni gbogbo wa ń pè é. Ọjọ́ ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti wà. Ọdún 1918, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Wọ́n tún òmíràn ṣe ní 1940. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2003, wọ́n tún un kọ látòkè délẹ̀, wọ́n sì fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní. Ọmọ ogun tí ìjọba ń gbé kiri ló wà lọ́kàn àwọn tó kọ ọ́. Wọn kò fẹ́ kí ènìyàn wà lójú ogun kí onílé sì máa lé ìyàwó àtọmọ rẹ̀ síta lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ tó wà lọ́rùn ènìyàn ni òfin náà ń wò. Bí àpẹẹrẹ, ààbò tó ní onílé kò gbọdọ̀ lé ìdílé ológun jáde láìjẹ́ pé ilé ẹjọ́ pàṣẹ, tó sì jẹ́ kí adájọ́ lè dá ọ̀rọ̀ náà dúró fún 90 ọjọ́, ìgbà tí ènìyàn bá wà lẹ́nu iṣẹ́ nìkan ló wúlò fún. Ọjọ́ tí àbúrò wa fẹ̀yìn tì ló tán fún un. Nítorí èyí, bó ti wù kí ó rí, ẹ má ṣe dá owó ilé dúró láti fi fagbára hàn wọ́n. Ẹ ó kàn fún wọn ní ìbọn tí wọn kò ní tẹ́lẹ̀ ni.

Àwọn aṣòfin ti fi nǹkan kún SCRA lẹ́yìn 2003, mo sì lè búra pé ọ̀gá ọ́fíìsì yín kò kà débẹ̀. Apá tó sọ nípa àdéhùn ilé sọ pé, bí ẹni tó fọwọ́ sí àdéhùn bá fara gba ọgbẹ́ ńlá tàbí àìsàn ńlá nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ó lè fòpin sí àdéhùn náà láàárín ọdún kan láti ọjọ́ tí ọgbẹ́ náà dé. Bí ọgbẹ́ náà bá mú ọpọlọ débi pé kò lè dá ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ rò mọ́, ìyàwó rẹ̀ tàbí ẹni tó ń bọ́ lè ṣe é fún un. Àwọn National Guard àti Reserve, ìyẹn àwọn ológun tí kì í ṣe iṣẹ́ náà lójoojúmọ́, tó ṣèṣe níbi ìdánrawò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wá fara balẹ̀ wo ohun tí òfin béèrè: kí ọgbẹ́ dé nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò béèrè pé kí ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá kọ lẹ́tà fún onílé. Ibi tí ọ̀gá ọ́fíìsì ti ṣìnà nìyẹn.

Ibi tó le ni ohun tí wọ́n ń pè ní ọgbẹ́ ńlá. Ọ̀rọ̀ tí òfin lò fún un ni catastrophic injury or illness, wọn kò sì túmọ̀ rẹ̀ nínú SCRA fúnra rẹ̀. Wọ́n ní kí a lọ wò ó nínú òfin owó oṣù àwọn ológun, níbi tí wọ́n ti dá owó ìrànwọ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ SCAADL. Ìtumọ̀ tó wà níbẹ̀ ni ọgbẹ́ tí kò ní lọ mọ́, tó ba ara ènìyàn jẹ́ gidi, débi pé kò lè kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí jáde nílé àfi kí ẹnìkan ràn án lọ́wọ́ tàbí kí ẹ̀rọ gbé e, tàbí débi pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru kó má baà ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe. Àwọn aláṣẹ ológun ló ń pinnu ẹni tó débẹ̀. Onílé kò ní ẹnu níbẹ̀, èmi náà kò sì ní.

Nítorí náà, ẹ lọ tú àpótí ìwé àbúrò wa. Ẹ wo ìwé owó oṣù rẹ̀ láti ìgbà tó kúrò ní ọsibítù títí di ìgbà tó fẹ̀yìn tì. Ṣé ẹ rí owó kan tó ń bá owó oṣù rẹ̀ wọlé tí wọ́n kọ SCAADL sí? Owó tí wọ́n ń san nítorí pé ẹ̀yin tàbí ẹlòmíràn ń wẹ̀ ẹ́, ń wọṣọ fún un, ń gbé e láti bẹ́ẹ̀dì sórí àga onítáyà ni. Bí ẹ bá rí i, ẹ fò sókè kí ẹ jó díẹ̀. Ìtumọ̀ kan náà ni òfin méjèèjì ń lò, àwọn aláṣẹ ológun sì ti sọ ọ́ lórí ìwé pé àbúrò wa débẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí dókítà kọ̀wé sí fún un ni DD Form 2948. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Bí kò bá gba SCAADL, ẹ pè wọ́n ní ẹ̀ka ológun tó ti sìn, kí ẹ béèrè ìwé tó sọ ìpinnu wọn lórí ọgbẹ́ náà, kí ẹ sì pè wọ́n lónìí, nítorí pé ìwé ìjọba kì í sáré.

Mo mọ̀ pé ẹ ó máa rò ó pé, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n gé, ó sì ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rìn, ṣé ìyẹn ò ní pa ọ̀rọ̀ lára? Ó lè pa á lára. Ẹni tó ti ń fẹsẹ̀ àtọwọ́dá sáré káàkiri kò sí nínú ìtumọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ pé ẹ̀yìn rẹ̀ náà bàjẹ́. Bó ṣe ń jáde nílé lónìí ni kí ẹ ṣàpèjúwe, ẹ má ṣe sọ bí ẹ ṣe ń retí pé yóò máa jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ ka àtẹ̀gùn ilé yín. Bó bá jẹ́ 36, ẹ kọ 36. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló fi ń wọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹ sì ń gbé àga onítáyà tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ kọ ọ́. Àwa Yorùbá máa ń bo àléébù ọkọ mọ́lẹ̀ lójú àlejò. Ẹ má ṣe é nínú lẹ́tà yìí.

Ilẹ̀kùn kejì wà nínú SCRA kan náà. Ẹni tó fọwọ́ sí àdéhùn nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n wá fún un níwèé pé kí ó ṣí lọ sí ibùdó mìíràn, lè jáde. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ibùdó ológun mìíràn nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Ìwé ìfẹ̀yìntì náà jẹ́ ìwé ìṣípòpadà, nítorí láti ibi iṣẹ́ ìkẹyìn ni ológun ti ń padà sílé ayé. Àdéhùn yín ti wà ṣáájú ìwé ìfẹ̀yìntì, èyí sì bá a mu. Ilẹ̀kùn yìí kò ní ọdún kan tó ń lé e bí ti àkọ́kọ́, àmọ́ àwọn onílé máa ń bá ènìyàn jà lórí rẹ̀ ju ti ọgbẹ́ lọ. Bó bá jẹ́ èmi, inú lẹ́tà kan náà ni n ó ti dárúkọ méjèèjì, kí ẹni tó bá fẹ́ jà mọ̀ pé ibi méjì ni yóò ti jà.

Ẹ wá gbọ́ bí lẹ́tà náà ṣe ń lọ, nítorí ibi tí mo ti rí omijé jù nìyí. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwé kíkọ. Ẹ so ẹ̀dà ìwé ológun mọ́ ọn. Ẹ fi lé onílé tàbí aṣojú rẹ̀ lọ́wọ́, tàbí kí ẹ gbé e fún ilé-iṣẹ́ akóẹrù aládàáni, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ ní póòsì pẹ̀lú káàdì tí ẹni tó gbà á yóò fọwọ́ sí tí yóò padà sọ́dọ̀ yín. Òfin ti gba ímeèlì láyè pẹ̀lú, bí ó bá jẹ́ àdírẹ́sì tí onílé fúnra rẹ̀ yàn. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ fọkàn tán ímeèlì. Mo máa ń ní kí àwọn oníbàárà mi ṣe é ní méjì, póòsì àti ímeèlì. Sájẹ́ńtì kan wá sọ́dọ̀ mi lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Àtẹ̀jíṣẹ́ ló fi sórí fóònù akọ̀wé ilé wọn, akọ̀wé sì fi àwòrán àtàǹpàkò dá a lóhùn. Ó ro pé ó ti parí. Nígbà tí akọ̀wé yẹn fiṣẹ́ sílẹ̀, àwọn tó kù ní àwọn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. A tún lẹ́tà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì fi owó ilé oṣù kan ṣòfò kí a tó débẹ̀.

Bí lẹ́tà bá ti dé ọwọ́ wọn, àdéhùn kò tú lójú ẹsẹ̀. Fún ilé tí wọ́n ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù, ẹ wo ọjọ́ tí owó ilé tó kàn yẹ ní sísan lẹ́yìn tí wọ́n gba lẹ́tà, kí ẹ ka 30 ọjọ́ láti ibẹ̀. Ká ní ọjọ́ kìíní oṣù lẹ ń sanwó, tí wọ́n sì gba lẹ́tà ní 18 oṣù Kẹta. Owó tó kàn ni ti 1 oṣù Kẹrin. Ọjọ́ 30 lẹ́yìn rẹ̀ ni 1 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ yẹn ni àdéhùn tú. Ẹ ó san ti oṣù Kẹrin pé, ó parí. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bá dé ní 2 oṣù Kẹrin dípò 18 oṣù Kẹta, owó tó kàn di ti 1 oṣù Karùn-ún, ẹ ó sì san oṣù kan sí i. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ ọjọ́ díẹ̀ lè di owó ilé oṣù kan. Ní ti orúkọ tiyín tó wà nínú àdéhùn náà, ẹ má fòyà: bí àbúrò wa bá fòpin sí i, ẹrù tiyín náà kúrò lọ́rùn yín gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń bọ́.

Onílé kò gbọdọ̀ gba owó ìtanràn lọ́wọ́ yín pé ẹ jáde kí àsìkò tó pé. Owó oṣù 2 tí wọ́n ń pè yẹn, kò ní ẹsẹ̀ ní abẹ́ SCRA. Owó ilé tí ẹ bá ti san ṣáájú, tó kọjá ọjọ́ tí àdéhùn tú, wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà láàárín 30 ọjọ́. Ohun tí wọ́n lè bi yín ni owó ilé tí ẹ jẹ sẹ́yìn àti ohun tí ẹ bà jẹ́ ju bí lílò ojoojúmọ́ ṣe ń ba nǹkan jẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ di dìpọ́síìtì tàbí ẹrù ẹni tó fòpin sí àdéhùn lábẹ́ òfin yìí mú, ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé e dé ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni. Ẹ má fi èyí halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ o. Ẹ kàn mọ̀ ọ́n sínú.

Bí wọ́n bá ní ẹ ti fọwọ́ sí i nínú àdéhùn pé ẹ kò ní lo òfin ológun, ẹ béèrè ibi tó wà. Òfin ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dá dúró láyè ara rẹ̀, kí lẹ́tà inú rẹ̀ má sì kéré sí ìwọ̀n 12. Gbólóhùn kan tí wọ́n sá sínú ojú ìwé 14 àdéhùn ilé kò já mọ́ nǹkan kan.

Gbogbo èyí tí mo ti sọ, ọjọ́ tí ọgbẹ́ dé àti ọjọ́ tí ìwé dé ló rọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bí mi nínú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni àwọn olóṣèlú ilẹ̀ yìí ń kan sáárá sí ajagunfẹ̀yìntì. Ẹ ṣí òfin ilé ìjọba àpapọ̀, Fair Housing Act ti 1968, kí ẹ wá orúkọ ajagunfẹ̀yìntì láàárín àwọn tí wọn kò gbọdọ̀ yà sọ́tọ̀. Ẹ ó rí ẹ̀yà, àwọ̀, ẹ̀sìn, ọkùnrin tàbí obìnrin, orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ti wá, ẹni tó ní ọmọ. Ẹ kò ní rí ajagunfẹ̀yìntì. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti fi í sínú òfin tiwọn, Washington àti New York wà nínú wọn, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ kò ṣe é. Ohun tó gba àbúrò wa sílẹ̀ nínú òfin yẹn ni ohun tí wọ́n fi kún un ní 1988: àìlera ara. Aṣọ ológun kò kàn án níbẹ̀ rárá. Ẹsẹ̀ tí kò sí ló ń sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ràn ilẹ̀kùn yìí ju àwọn yòókù lọ fún ẹni tí ọdún kan rẹ̀ ti kọjá, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé sí mi ló sì wà níbẹ̀. Kò ní ọdún kan tó ń lé e láti ọjọ́ ọgbẹ́. Kò béèrè ìdá mélòó nínú 100 ni VA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ajagunfẹ̀yìntì, ka àìlera yín sí, ìbáà jẹ́ 30 tàbí 100. Ohun tó sọ ni pé, bí àìlera bá jẹ́ kí ó ṣòro fún ènìyàn láti gbádùn ilé bí àwọn ẹlòmíràn, onílé gbọ́dọ̀ yí ìlànà rẹ̀ padà níwọ̀n tó bọ́gbọ́n mu. Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ sínú lẹ́tà ní Gẹ̀ẹ́sì ni reasonable accommodation. Ẹ lè fi béèrè pé kí wọ́n ṣí yín sí fúláàtì ìsàlẹ̀ láìgba owó ìṣípò. Ẹ lè fi béèrè pé kí wọ́n tú àdéhùn sílẹ̀ láìgba owó ìtanràn bí fúláàtì ìsàlẹ̀ kò bá sí. Onílé lè jiyàn pé ìyẹn ju agbára òun lọ, n kò ní tàn yín pé gbogbo adájọ́ ni yóò gbè yín. Àmọ́ ní 1996, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Delaware kọ̀ láti da irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ nù, ẹjọ́ ẹni tí àìsàn ọpọlọ mú tó fẹ́ jáde kí àdéhùn tó pé. Láti ìgbà náà ni àwọn lọ́yà onílé ti ń ṣọ́ra.

Ẹ bi wọ́n ọdún tí wọ́n kọ́ ilé náà. Ilé tó ní fúláàtì 4 sókè, tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ kó sí lẹ́yìn 13 oṣù Kẹta 1991, bí kò bá ní lífítì, gbogbo fúláàtì ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀kùn tí àga onítáyà lè gbà kọjá àti ilé ìwẹ̀ tí wọ́n lè kan irin ìdìmú mọ́ ògiri rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kò sí fúláàtì tó yẹ aláàbọ̀ ara nínú ọgbà yẹn, ọ̀rọ̀ kan wà láàárín òun àti ìjọba. Tí ilé yín bá jẹ́ èyí tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé inú rẹ̀, tí kò sì ju fúláàtì 4 lọ, òfin yìí lè má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ẹ dárúkọ ọ́fíìsì àti ọ̀gá ọ́fíìsì, kò jọ bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọdún kan láti fẹjọ́ sùn ní HUD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, ọ̀fẹ́ ni, ọdún 2 sì ni fún ilé ẹjọ́.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ibi tí owó oṣù 2 yẹn ti wá, nítorí ó pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀. Òfin Maryland ló ti yọ. Òfin ìpínlẹ̀ yín ní, bí dókítà bá kọ̀wé pé àìlera ayálégbé dí i lọ́wọ́ gidi láti rìn nínú ilé tàbí láti wọlé jáde, bó bá kó jáde, owó ilé tí wọ́n lè bi í lẹ́yìn ọjọ́ tó jáde kò gbọdọ̀ ju ti oṣù 2 lọ. Òfin náà ṣe é láti fi dá onílé lẹ́kun ni. Ọ̀gá ọ́fíìsì yín wá sọ ògiri di ilẹ̀, ó sọ ohun tí kò gbọdọ̀ kọjá di iye owó ọjà. Bí ilẹ̀kùn ìjọba àpapọ̀ bá ṣí fún yín, ẹ kò ní í fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá tì, ó kéré tán ẹ mọ̀ pé oṣù 7 kò lè di gbèsè yín. Ní ti dìpọ́síìtì, wọn kò ní ẹ̀tọ́ láti gbẹ́sẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Maryland fún onílé ní ọjọ́ 45 lẹ́yìn tí ẹ bá kó jáde láti dá a padà tàbí kí ó kọ ohun tí ó bàjẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye rẹ̀. Ẹni tó bá dì í mú láìnídìí, ilé ẹjọ́ lè ní kí ó san án ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ fi fóònù ya fídíò gbogbo yàrá, inú àdìrò, ẹ̀yìn fíríìjì, lọ́jọ́ tí ẹ bá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. (Ẹ̀yin tó ń kà á ní New Jersey, tiyín yàtọ̀: àìsàn tàbí jàǹbá tó sọ ènìyàn di aláìlera tó sì dá owó dúró lè jẹ́ kí ẹ jáde pẹ̀lú ìwé ọjọ́ 40.)

Ilé tí ẹ ń lọ sí ńkọ́? Ẹ má gba ilé tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ga ju ilẹ̀ lọ nítorí pé ó lẹ́wà. VA ní owó kan tó ń jẹ́ HISA, tó tó $6,800 fún ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ wá láti ẹnu iṣẹ́, wọ́n sì gbà kí ayálégbé lò ó fún ilé ìwẹ̀ tàbí ọ̀nà àbáwọlé, bí onílé bá ti fọwọ́ síwèé pé òun gbà. Ẹ béèrè ìwé ìgbàláyè yẹn kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn tuntun, nígbà tí onílé ṣì ń wá ayálégbé. Lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ sí i tán, ẹnu rẹ̀ á yí padà.

Àbúrò wa ti fẹ̀yìn tì nítorí àìlera, nítorí náà ó ṣì ní ẹ̀tọ́ láti lọ sí ọ́fíìsì Legal Assistance ní ibùdó ológun tó bá sún mọ́ yín, wọn kì í sì gbowó. Ẹ gbé àdéhùn ilé, ìwé ìfẹ̀yìntì, DD Form 2948 bó bá wà, àti lẹ́tà dókítà lọ bá wọn. Wọ́n lè kọ lẹ́tà náà fún yín lórí ìwé tí àmì ológun wà lórí rẹ̀, mo sì ti rí i tí onílé tó ń kígbe lọ́jọ́ Ajé dákẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì nítorí àmì yẹn. Bí ọ̀gá ọ́fíìsì bá pè yín lórí fóònù lẹ́yìn tó bá rí lẹ́tà, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ ní kó kọ ohun tó fẹ́ sọ sínú ímeèlì.